Ọwọ́ Ló Ń Kọ́ Kẹ́mísírì

Ẹ̀yin ará Awo, ẹ̀yin ará Ìdó-Ọ̀ṣun, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ẹdẹ títí dé Òṣogbo, sáà tuntun ti wọlé dé.   Àwọn ọmọ tó yege ìdánwò JSS3 ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè pé, "Ìwọ ńkọ́, sáyẹ́ǹsì lo máa ṣe ni, àbí áàtì?" Àwọn tó bá dáhùn pé sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, àwọn àti àwọn òbí wọn. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Ohun tí n óò sọ fún yín ni ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ SS1 lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ pàdé: ohun tí mo ń retí lọ́wọ́ wọn, ohun tí àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti retí lọ́wọ́ mi, àti ìlànà tí a ó jọ máa tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan yín nílé, ẹ̀yin òbí. Ọmọ tó fẹ́ di dókítà, tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì, tó fẹ́ di apòògùn, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, àní èyí tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, kò sí èyí tí kò ní bá kẹ́mísírì pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn, mẹ́rin ni iṣẹ́ tí JAMB yóò fi dán an wò: Gẹ̀ẹ́sì, físíìsì, bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì. Bí kò bá sì ní kírẹ́díìtì nínú kẹ́mísírì ní WAEC tàbí NECO, ilẹ̀kùn ti nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òbí fi ń sọ fún ọmọ pé, "Lọ kà á dáadáa, kí o há a sórí." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọmọ ti ń ṣìnà.

Kẹ́mísírì tí a há sórí kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó lè ka ogún eléméǹtì àkọ́kọ́, láti háídírójìn dé kálísíọ́mù, láìmí. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ìgò méjì síwájú rẹ̀, omi lásán nínú ọ̀kan, ásíìdì tí a ti fi omi là nínú èkejì, kò mọ ohun tí yóò ṣe láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọn ò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń retí lọ́wọ́ ọmọ tó bá wọ kíláàsì mi, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi: kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ wo bí WAEC ṣe pín máàkì. Ìwé kìn-ín-ní ni ìbéèrè 50 tí ọmọ yóò ti mú ìdáhùn, máàkì 50. Ìwé kejì ni wọ́n ti ń kọ àlàyé, máàkì 100. Ìwé kẹta ni práktíkà, wákàtí méjì nínú lábù, máàkì 50. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo iṣẹ́ náà ló wà ní ìka ọwọ́ ọmọ. Síbẹ̀, ilé-ìwé tó jẹ́ pé ó di ìgbà tí ìdánwò SS3 bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn lábù pọ̀ jọjọ nílẹ̀ yìí. Búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn ásíìdì, tí ọmọ kò fọwọ́ kàn láti SS1, ọjọ́ tí àyà rẹ̀ ń já ni yóò kọ́kọ́ dì í mú. Ẹ̀dùn ọkàn gidi lèyí jẹ́ fún mi. Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ kejì tí a bá wọlé ni a ó wọ lábù, a ò sì ní fi í sílẹ̀ títí wọn óò fi ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé títíréṣọ̀n díẹ̀, ìyẹn wíwọn iye ásíìdì tó máa pa agbára alkali, torí òun ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba àwọn ọmọ jù, òun náà sì ni mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ wọn. Ọmọ yóò fi pípẹ́ẹ̀tì wọn alkali sínú ìgò tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ tóóró, ó lè jẹ́ 20 tàbí 25 cm³. Yóò kán índíkétọ̀, ohun tó ń yí àwọ̀ padà, sí i, ká ní methyl orange ni. Omi náà yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Ásíìdì wà nínú búrẹ́ẹ̀tì lókè. Yóò máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lórí kọ́kọ́rọ́ búrẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ kejì ń fi ìgò yí gbiri-gbiri. Bí ó bá kù díẹ̀, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ni yóò máa jẹ́ kí ó bọ́. Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni yóò yí àwọ̀ náà padà. Ẹni tó bá kánjú, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró, àfi kó dà á nù kó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣe é dáadáa, yóò bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú omi inú búrẹ́ẹ̀tì dọ́gba, yóò ka iye rẹ̀, yóò sì kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá: 24.30 ni, kì í ṣe 24.3. Yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò bá ju 0.20 lọ ni yóò wá ìpíndọ́gba wọn. Ti àkọ́kọ́, èyí tó fi ń wá ọ̀nà, kò sí nínú ìṣirò.

Ibi tí mo ti ń le mọ́ ọmọ nìyí. Ọmọ rí 23.10. Ó yọjú wo ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí 24.50, ló bá pa tirẹ̀ rẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú mi, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Iye tí o bá rí ni kí o kọ. Tí ó bá yàtọ̀ sí tẹlòmíràn, pè mí, ká jọ wádìí: bóyá o kò fi ásíìdì ṣan búrẹ́ẹ̀tì kí o tó rọ ọ́ kún, bóyá afẹ́fẹ́ wà ní ìdí rẹ̀, bóyá o gbàgbé fúnẹ̀lì sí i lórí tó ń kán. Nínú ìwádìí yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Nínú ìdánwò WAEC pàápàá, tíṣà tó wà nínú lábù náà máa ń fi omi kan náà ṣe títíréṣọ̀n tirẹ̀, iye tí ó bá rí ni wọ́n sì ń fi wé ti àwọn ọmọ. Ẹni tó da iye kan láti inú afẹ́fẹ́, ta ló ń tàn?

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láyè kí n sọ èyí. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gbé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé rẹ̀ ní SS3 lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "míríkù sẹ́ńtà", níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó. Wọ́n ń san owó fún un. Ọmọ yẹn yóò gba kírẹ́díìtì, yóò wọ yunifásítì, wọn yóò gbé búrẹ́ẹ̀tì fún un ní ọdún àkọ́kọ́, yóò sì dúró bí ẹni tó sọnù sínú ọjà. Bí ó bá sì di nọ́ọ̀sì lọ́nà kan ṣá, òun ni yóò máa wọn oògùn sínú abẹ́rẹ́ fún ọmọ yín, fún ìyá yín. Owó yẹn, ẹ fi ra ìwé fún un. Ìwé *New School Chemistry* tí Osei Yaw Ababio, ọmọ Gánà, kọ wà níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé káàkiri. Ọmọ tó bá kà á, tó sì ṣe ìbéèrè ẹ̀yìn orí kọ̀ọ̀kan, kò nílò míríkù.

Iṣẹ́ kejì nínú lábù ni kí ọmọ mọ ohun tó wà nínú kẹ́míkà tí a kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Òpó mẹ́ta ni yóò fà sínú ìwé: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí, ohun tí mo fi mọ̀. Bí ó bá kán amóníà sínú omi tí kọ́pà wà nínú rẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò kọ́kọ́ jáde. Bí ó bá ń kán an lọ tí amóníà pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn yóò yòrò, omi náà yóò sì wá dúdú ní búlúù. Ohun méjì ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ọmọ tó kọ "búlúù" nìkan ti sọ máàkì nù, kì í ṣe torí pé kò mọ̀wé, bí kò ṣe pé kò fara balẹ̀ wò.

Ìwé práktíkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́yìn líle. Bírò la fi ń kọ ọ́. Tí o bá ṣàṣìṣe, fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kọjá, kí ojú ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́. A kì í fi réésà pa á, a kì í ya ojú ewé kúrò. Kọ déètì. N óò fọwọ́ sí i kí o tó jáde.

Ní ti ààbò, n kò ní fi àkókò ṣòfò, àmọ́ n kò ní fojú fo ọ̀kankan. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ la ń wọ̀ wọ lábù, kì í ṣe sílípáàsì. Kò sí búrẹ́dì, kò sí gúgúrú, kò sí píọ́ wọ́tà lórí tábìlì lábù. Ẹnu kọ́ la fi ń fa pípẹ́ẹ̀tì. Ohun èlò rọ́bà wà fún un. Bí a bá fẹ́ la ásíìdì líle, inú omi la ń da ásíìdì sí, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi sínú ásíìdì sọ́fúríìkì, ooru tí yóò jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi yẹn yóò hó lójijì, tí yóò sì ta ásíìdì sí i lójú. Ẹ̀yin ìyá, èyí kàn yín nílé pẹ̀lú: ẹ má ṣe da báláàṣì tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun pọ̀ mọ́ oògùn ásíìdì tí ẹ fi ń fọ ṣáláńgá. Gáàsì kílórínì ni yóò jáde. Gáàsì yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ lé àwọn ọ̀tá wọn lórí ní Ypres, ní Bẹ́ljíọ́mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ń wí pé, "Tíṣà, ilé-ìwé wa kò ní lábù." Òótọ́ ni, ilé-ìwé tí kò ní tàbí tí tirẹ̀ ti di yàrá ìkó-àga-sí wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ọwọ́ ọmọ má ṣiṣẹ́. Ẹ gba sóbò. Ẹ fi omi gbígbóná rẹ ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe é, kí ẹ sẹ́ omi rẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú díẹ̀ nínú rẹ̀, pupa rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ fi kán-ún tí a ti pò mọ́ omi sínú díẹ̀ mìíràn, yóò kúrò ní pupa, yóò máa yí sí àwọ̀ ewé. Índíkétọ̀ nìyẹn, ó ń ṣe iṣẹ́ tí lítímọ́ọ̀sì inú lábù ń ṣe. Sírínjì tuntun tí wọ́n ń tà nílé oògùn, ẹ bá mi yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò, ó lè dúró fún búrẹ́ẹ̀tì fún ọmọ SS1 tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan.

Ìmọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa níhìn-ín. Òṣogbo tó wà nítòsí wa yìí, ìlú aláró ni. Àwọn ìyá wa gún ewé ẹlú, wọ́n sá a, wọ́n sẹ́ omi eérú lé e lórí nínú ìkòkò, wọ́n sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi jinná. Aṣọ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà jáde nínú ìkòkò aró kì í ṣe búlúù. Àwọ̀ ewé tó súnmọ́ ìyeyè ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di búlúù lójú ẹni. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Oxidation lórúkọ rẹ̀ nínú ìwé wa, ọmọ SS2 sì máa ń sunkún nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ń fi í jẹun. Ọṣẹ dúdú ńkọ́? Èèpo kòkó tí a jó di eérú ní potassium carbonate nínú; omi eérú yẹn àti àdín la jọ ń sè tó fi ń di ọṣẹ. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ SS3, orí kan wà fún bí ọ̀rá àti alkali ṣe ń di ọṣẹ. Gbogbo ọmọ tí mo bá kọ́, mo máa ń rán an lọ bá àgbàlagbà kan tó ti ṣe ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì yìí rí, kó lọ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí eérú kò bá tó, àti bó bá pọ̀ jù. Ìdáhùn tí wọ́n ń mú bọ̀ máa ń yà mí lẹ́nu.

Èyí ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà níbẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì náà ni ọmọ yóò fi kọ ọ́, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan kò bá yé ọmọ, n óò sọ ọ́ fún un ní Yorùbá ná, òun náà yóò sọ ọ́ padà fún mi ní Yorùbá, kí a tó wá gbé e lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí òbí kankan má ṣe wá bá mi jà pé mo ń sọ "fànákúlà" fún ọmọ òun nínú kíláàsì.

Móòlù ni mo fi ń dán ọ̀nà yìí wò, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń fi kẹ́mísírì sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé móòlù kan jẹ́ 6.02 × 10²³, orí wọn fò lọ. Mo máa ń bi wọ́n pé, ta ló ń ka gàrí ní hóró kọ̀ọ̀kan lọ́jà Awo? Kò sẹ́ni. Kóńgò la fi ń wọ̀n ọ́n. Átọ́ọ̀mù kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ, nítorí náà a kì í kà á, a máa ń wọ̀n ọ́n ni. Gíráàmù 12 kábọ́ọ̀nù, móòlù kan ni. Gíráàmù 18 omi, móòlù kan ni. Iye hóró inú méjèèjì dọ́gba. Ọmọ tí èyí bá yé ní SS1, gbogbo ìṣirò tó kù títí dé SS3 ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ tí kò bá yé, kó má lọ sí orí tó kàn. Kó wá bá mi lẹ́yìn ilé-ìwé. N kò ní bú u.

Àwọn òfin tó kù kò gùn. Iṣẹ́ àṣetiléwá gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ tí a bá dá. Bí àìsàn bá wà, kí òbí kọ ìwé tàbí kó pè. Ọmọ tó pa práktíkà jẹ yóò ṣe é ní ọjọ́ mìíràn, kò ní da èsì ẹlòmíràn kọ. A ó máa kọ ìdọ́gba kẹ́míkà lójoojúmọ́, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tọ́ ọmọ sì ni kí èmi náà wá ní àsìkò, kí n dá ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú àtúnṣe kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí n jẹ́wọ́ fún un bí ìbéèrè rẹ̀ bá ju agbára mi lọ, kí n lọ wá ìdáhùn bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, mi ò retí pé kí ẹ mọ kẹ́mísírì. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ọmọ lọ́jọ́ Jímọ̀: "Kí lo fi ọwọ́ rẹ ṣe nínú lábù lọ́sẹ̀ yìí?" Bí ó bá dákẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ẹ wá sí ilé-ìwé wá béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń wá ohun tí ẹ máa ṣe fún ilé-ìwé yín, géètì tuntun dára, ṣùgbọ́n búrẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá àti kẹ́míkà tó tó sáà kan yóò ṣe ọmọ láǹfààní jù ú lọ.

Mo mọ ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí dé, kò sì jìnnà. Ní Ẹdẹ níbí, ní Yunifásítì Redeemer's, lábù kan wà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ń darí, ACEGID ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àbùdá kòkòrò náà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Pípẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níbẹ̀. Wọ́n ń kọ déètì. Wọ́n ń kọ iye tí wọ́n bá rí. Ọmọ Awo lè wọ mọ́tò láàárọ̀ kó sì wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ní ọjọ́ Ajé, kí ọmọ SS1 kọ̀ọ̀kan mú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan wá, bírò méjì, bàtà tó bo ẹsẹ̀, àti aṣọ lábù funfun. Bí kò bá sí owó ẹ̀wù tuntun, kí wọ́n rán an láti ara aṣọ funfun àtijọ́ kan, yóò ṣiṣẹ́. Kí wọ́n mú ẹ̀kúnwọ́ ìṣápá gbígbẹ kan àti ọsàn wẹ́wẹ́ méjì. Ẹni tó bá sì ń se ọṣẹ dúdú ládùúgbò, ẹ bá mi fi abọ́ eérú kan pamọ́, ẹ fi rán ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kejì la máa lò ó.